Máṣíìnì Tí Mo Gbé Wọlé Ọkọ

Ọkọ mi kò gba àtúnṣe gbọ́. Ohun tó bá ti kọṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti kú nìyẹn, sísin ló kù. Àtùpà tí gíláàsì rẹ̀ kàn sán, ó jù ú nù, ó ra òmíràn. Aago ògiri tí eruku lásán há sí nínú, ó ní ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Agbòòrùn kan wà tí irin ẹyọ kan ṣẹ́ lára rẹ̀. Ó sọ ọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ìyálé mi kan lọ ṣà á, ó fi òwú di irin náà, ó sì fi agbòòrùn yẹn lọ oko fún òjò ọdún mẹ́ta gbáko. Kí ọkọ mi tó kíyè sí i, òun fúnra rẹ̀ ti ra agbòòrùn méjì mìíràn, ó sì ti gbàgbé ọ̀kan sínú ọkọ̀. Mo máa ń sọ fún un pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àmọ́ ọkùnrin tó bá ti ń so táì mọ́rùn lọ síbi iṣẹ́, òwe kì í tètè wọ̀ ọ́ létí.

Akọ̀wé ni, Akọ̀wé náà ni mo sì ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀, nítorí ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Ilé ìtajà àwọn òyìnbó kan ní Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Á wọ bọ̀lẹ́kájà láàárọ̀ Mọ́ńdè, á padà dé lọ́sàn-án Sátidé, ohun tó bá sì rí lọ́dọ̀ òyìnbó láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ti di òfin fún gbogbo wa. Ó ní òyìnbó kì í tún nǹkan ṣe, pé ìṣẹ́ ló ń jẹ́ àtúnṣe. Mo bi í léèrè bóyá ó ti wọ ilé ìdáná òyìnbó rí. Kò wọ̀ ọ́ rí. Ọ̀gá rẹ̀ tó fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún wa yìí, ẹnu Akọ̀wé kan náà ni mo ti gbọ́ pé bàtà kan ṣoṣo ló ń wọ̀ láti ọjọ́ tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ṣúméékà ti pààrọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo rán an létí, ó ní ti bàtà yàtọ̀.

Ọ̀tà tí mò ń sọ yìí, ẹ má fi wé ti òní. Sango tí fákítọ̀rì kún báyìí, oko obì àti ẹ̀gẹ́ ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Òyìnbó ló ń ṣàkóso wa, a kì í sì í sábà rí i. Àwọn tó ń ṣe bí òyìnbó là ń rí, èmi sì fẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Nígbà tí mò ń lọ sílé ọkọ, bàbá mi ra máṣíìnì ìránṣọ kan fún mi, irú èyí tí a ń fi ọwọ́ yí. Bàbá mi kì í ṣe olówó. Àgbẹ̀ obì ni, ní Oju Ore, obì ọdún méjì ló sì wọ inú máṣíìnì yẹn lọ. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òun ló ṣáájú gbogbo ẹrù ìyàwó. Wọ́n gbé e kọjá lójú ọjà kí àwọn èèyàn lè rí i, wọ́n sì rí i. Kí wọ́n tó fà mí jáde nílé, ìyá mi pè mí sí kọ̀rọ̀. Mo rò pé àdúrà ló fẹ́ ṣe fún mi. Ó ní, "Ohun tí o gbé wọlé ọkọ ni tìẹ. Èyí tí o bá níbẹ̀, àti èyí tí wọ́n bá rà síbẹ̀, àlejò ni ọ́ sí i." Inú bí mi sí i díẹ̀. Mo ní ṣé ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ fún ọmọ lọ́jọ́ ayọ̀ nìyí.

Ọdún kejì tí mo dé agbo ilé ọkọ mi ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ọkùnrin kan kú nínú ilé. Nígbà tí wọ́n ṣe fídáù ogójì ọjọ́ tán, àwọn àgbà wọ yàrá opó rẹ̀ láti to ogún jọ. Olórí Ẹbí, tí í ṣe àbúrò bàbá ọkọ mi, ló ń fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí nǹkan. Ibùsùn, ti òkú ni. Àga, ti òkú ni. Ìkòkò irin, àtùpà, abọ́ tánganran, ti òkú ni gbogbo rẹ̀, torí òkú ló rà wọ́n. Nígbà tí ẹrù tán, ọ̀pá náà dúró lórí obìnrin náà fúnra rẹ̀, wọ́n wá ń bi ara wọn léèrè ta ni yóò ṣú u lópó. Odó tí ìyá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó nìkan ni ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Ó gbé odó yẹn rù, ó sì padà sílé wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń nu máṣíìnì mi láràárọ̀, mo ń nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Máṣíìnì náà ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Nígbà tó ku bí oṣù kan kí a ṣe Iléyá, tí aṣọ àwọn ọmọ ilé ga gèlètè níwájú mi, ó kọṣẹ́. Mò ń yí ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ ń yí, àmọ́ abẹ́rẹ́ kò lọ sókè, kò sì wá sílẹ̀. Ohun kan kàn ń pariwo ràkàràkà nínú rẹ̀. Mo ta òróró sí i. Mo fi ìyẹ́ adìẹ gbá inú rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́.

Sátidé ni Akọ̀wé bá a bẹ́ẹ̀. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó fi ìka kan lù ú lára lẹ́ẹ̀mejì, bí dókítà tí kò fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí.

"Èyí ti tán," ó ní. "Sátidé tó ń bọ̀, n ó gbé tuntun dé láti Èkó. Ẹlẹ́sẹ̀ ni n ó rà. Kí wọ́n gbé èyí fún alágbẹ̀dẹ, á rí ọkọ́ méjì rọ nínú ẹ̀."

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a wá ẹni tó lè tún un ṣe."

"Àtúnṣe kẹ̀! Òyìnbó kì í..."

"Òyìnbó kọ́ ló rà á fún mi. Bàbá mi ni. Tí ẹ bá gbé tuntun dé, ta ló máa ni ín?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ó wá bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló ni ìwọ gan-an?" ó ní.

Ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi yọ̀ wá sórí imú. Lójú tirẹ̀, ó dápàárá ni, àpárá tó dáa sì ni. Òun kì í ṣe èèyàn búburú. Kò nà mí rí, kò sì fi ebi pa mí. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, torí mo rí i pé kò ronú kó tó sọ ọ́. Bí ó ṣe rí lọ́kàn rẹ̀ ló sọ. Mo wo máṣíìnì, mo wo ara mi, mo wá rí i pé tí wọ́n bá fi lè gbé irin yìí fún alágbẹ̀dẹ, kò ní sí ohun kan mọ́ nínú yàrá yẹn tí ọ̀pá Olórí Ẹbí ò lè tọ́ka sí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, obìnrin kan tó ń ru obì bọ̀ láti Oju Ore sọ fún mi pé ọkùnrin kan ń bẹ lẹ́bàá ilé bàbá mi tó ń tún máṣíìnì ṣe. Ó ní wọ́n mú un lọ sógun Bọ́mà, pé aṣọ àwọn sójà ló ń rán níbẹ̀, òun ló sì ń tún gbogbo máṣíìnì wọn ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yarọ, kì í lọ sílé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá níṣẹ́ ló ń gbé e wá bá a. Mo ní kò burú, èmi á gbé e lọ. Sátidé ti di ọ̀la, tuntun ti wà lọ́nà.

Ibí yìí ni mo ti wá ṣe iṣẹ́ òmùgọ̀, kí n tó máa fi àwọn ẹlòmíràn ṣẹ̀sín síwájú sí i. Mo bẹ̀rù kí máṣíìnì má baà fara gbá nǹkan lójú ọ̀nà. Mo wá ohun tó le tí mo lè gbé e sí, mo rí àpótí mi, àpótí ìyàwó tí wọ́n fi kó aṣọ mi wá lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Mo gbé máṣíìnì sí i. Ó ń mì. Mo kó àwọn aṣọ mi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tún kó díẹ̀ bò ó lórí. Mo ti àpótí, mo pọn ọmọ mi tí mò ń tọ́ lọ́wọ́, mo gbé àpótí rù, mo jáde sí gbangba láàárọ̀ Sátidé, mo dorí kọ ọ̀nà ilé bàbá mi. Kò sí aráalé wa kan, ì báà jẹ́ afọ́jú, tí kò mọ ohun tí à ń pe obìnrin tó bá jáde bẹ́ẹ̀. Ó ti kó ẹrù nìyẹn. Ó ti kọ ọkọ.

Ìyálé mi, ẹni agbòòrùn, ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo àpótí. Ó wo ọmọ lẹ́yìn mi. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó, níbo?"

"Ilé bàbá mi ni, mà."

Kò bi mí ní ohun kan mọ́, torí a kì í fi ìbéèrè dá ẹni tó ti gbé àpótí rù dúró. Ó kàn mi orí. Èmi náà ń lọ, mò ń rò pé obìnrin yìí mà níwà, kò ṣe àyẹ̀wò ẹrù ẹlẹ́rù. Gbogbo ẹni tí mo pàdé lọ́nà ló kí mi tàánútàánú. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí Ọlọ́run fi ọ̀nà àbáyọ hàn mí. Mo ṣe àmín, mo rò pé ó ti gbọ́ pé máṣíìnì mi bàjẹ́.

Lábẹ́ igi ọsàn kan ni mo bá jagunjagun Bọ́mà náà. Kò fi ìka lu máṣíìnì mi. Ó tú ìdí rẹ̀, ó gbé e síta oòrùn, ó wò ó títí ọmọ mi fi sùn lẹ́yìn mi. Ó wá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tọ́ka sí àgbá kẹ̀kẹ́ kékeré kan nínú rẹ̀ tí eyín yí po.

"Eyín méjì ló jẹ tán níbí," ó ní. "Òun ló ń pariwo yẹn."

"Ṣé ó ti kú ni, bàbá?"

"Èmi fúnra mi ò léyín mẹ́ta lẹ́nu, mo ṣì ń jẹ ẹran. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọmọ mi. N ó rẹ́ irin sí i. Ó di ọjọ́ mẹ́ta."

Mo dúpẹ́ títí, mo fi máṣíìnì sílẹ̀ fún un, mo gbé àpótí aṣọ mi, mo yà sílé bàbá mi kí n fún ọmọ lọ́mú, kí n jẹun, kí n tó padà. Inú mi dùn. Mo sọ fún bàbá mi pé máṣíìnì bàjẹ́, pé mo ti gbé e fún àtúnṣe. Ó ní ó dára. Mi ò sọ ti ẹ̀rín Akọ̀wé fún un. Èèyàn kì í kó gbogbo nǹkan fún bàbá ẹni.

Àwa ò mọ̀ pé Ọ̀tà ti gbóná. Ìyálé mi ti gbé ọ̀rọ̀ fún ìyá ọkọ mi, ìyá ọkọ mi ti gbé e fún Olórí Ẹbí, ẹni tó sì pàdé Akọ̀wé níbùdókọ̀ sọ fún un kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kanlẹ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ti lọ. Tuntun rẹ̀ ṣì wà lórí ọkọ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú okùn rẹ̀.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àlàásárì tán ni mo gbọ́ ikọ́ Olórí Ẹbí lẹ́nu ọ̀nà bàbá mi. Òun ló ṣáájú. Ìyá ọkọ mi tẹ̀lé e, gèlè wà ní ìdí rẹ̀ dípò orí. Akọ̀wé wà lẹ́yìn wọn, táì rẹ̀ ti yí sẹ́yìn ọrùn, aláàárù kan sì ru máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tẹ̀lé e, ó ń dán gbinrin nínú oòrùn. Kí bàbá mi tó dìde, ọkùnrin méjèèjì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀, ìyá ọkọ mi ti kúnlẹ̀.

"Àna wa," Olórí Ẹbí ní, "a dọ̀bálẹ̀. Ohun yòówù kí ọmọ wa ṣe, àwa la bí i. Ẹ fi jì wá."

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," bàbá mi ní. Ẹ̀rù ti bà á. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, àna wa. Ìyàwó wa tó kó ẹrù la wá bẹ̀."

Bàbá mi yíjú sí mi. "O kó ẹrù?"

"Mi ò kó ẹrù, Bàbá. Máṣíìnì ni mo gbé wá fún àtúnṣe."

"Nínú àpótí ìyàwó?" Olórí Ẹbí bi mí láti ilẹ̀.

"Kó má baà fọ́ ni, sà."

Olórí Ẹbí wá dìde díẹ̀díẹ̀, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò níwájú agbádá rẹ̀.

"Wàláhì," ó ní, "èmi tí mo dàgbà tó báyìí, mo dọ̀bálẹ̀ fún máṣíìnì lónìí."

Ojú tì mí títí. Akọ̀wé ní tirẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò lọ, bẹ́ẹ̀ ni òun ló tún jàre. Ó ní kí aláàárù sọ máṣíìnì tuntun kalẹ̀ sí àárín àgbàlá. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, àgbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yí fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀. Ó dára, n kò ní purọ́. Ó dára ju tèmi lọ lọ́nà mẹ́wàá.

"Ṣé ẹ rí i, Bàbá? Èyí ni mo sọ fún un pé mo fẹ́ rà. Kò sídìí tí a ó fi máa tún àgbálágbà ṣe mọ́."

Bàbá mi rìn yí máṣíìnì náà ká. Ó fọwọ́ pa pákó rẹ̀.

"Ó dára púpọ̀. Ta lo rà á fún, ọmọ mi?"

"Ìyàwó mi ni, Bàbá."

"Tiẹ̀ ni nígbà náà."

Akọ̀wé wo Olórí Ẹbí. Olórí Ẹbí wo òkè igi.

"Tiẹ̀ ni kó máa lò, Bàbá," Akọ̀wé ní.

"Mi ò bi ọ́ ní ti lílò. Mo ní ta ló ni ín?"

Ọkọ mi tó ń kọ lẹ́tà fún ìdajì Ọ̀tà, tó máa ń bá wọn wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ fún àjẹ́lẹ̀, táì rẹ̀ ló ń tún ṣe. Mo mọ̀ pé tó bá sọ ọ́, pé "tiẹ̀ ni," níwájú bàbá mi àti Olórí Ẹbí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Èmi fúnra mi á lọ gbé àgbálágbà yẹn fún alágbẹ̀dẹ. Mo fẹ́ kó sọ ọ́. Mo fẹ́ ẹ gan-an.

"Ti ilé ni, Bàbá," ó ní níkẹyìn. "Gbogbo wa la jọ ni ín."

"Ti ilé wo?"

Ìyá ọkọ mi ló sọ̀rọ̀. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i pé kò tíì dìde.

"Ẹ jẹ́ kí àwọn ọkùnrin sọ ọ́," Olórí Ẹbí ní.

"Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ ọ́, ọkọ mi." Bẹ́ẹ̀ ló ń pè é, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ tó bá nílé, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ kó le lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Mo gbé ọlọ wá láti ilé ìyá mi. Nígbà tó là sí méjì, bàbá ọmọ yìí ní kí n sọ ọ́ nù, òun á ra òmíràn fún mi. Ó rà á. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi lọ ata lórí ẹ̀. Ọjọ́ tí a ṣe fídáù rẹ̀ tán, ẹ wọlé, ẹ ní ti ilé ni. Ọkọ mi, ọlọ yẹn dà?"

Olórí Ẹbí wúkọ́.

"Mo ní ó dà?"

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, ìyàwó wa. Òkúta lásán."

"Ó wà nílé ìdáná ìyàwó yín kékeré. Mò ń gbọ́ ìró ẹ̀ láràárọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá fẹ́ lọ ata, mo máa ń kúnlẹ̀ tọrọ ọlọ ni. Ọlọ ara mi."

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Kò pariwo. "Gbé nǹkan rẹ, kí o máa lọ. Ti ilé ni. Gbé e lọ sílé." Ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó wá jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Èmi ò kúrò níbí títí wọ́n á fi tún ti ọmọ yìí ṣe."

Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi bẹ̀rù obìnrin yìí. Mo rò pé agbára ló fi ń pàṣẹ fún mi nínú ilé ìdáná, mo sì ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa lẹ́yìn rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ojú tún tì mí, èyí sì ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Aláàárù ti bá tirẹ̀ lọ. Akọ̀wé àti Olórí Ẹbí ló gbé máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ láàárín ara wọn, wọ́n gba àárín ìlú padà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Ọ̀tà ti mọ̀ pé ìyàwó Akọ̀wé kọ̀ ọ́, ìyá rẹ̀ kọ̀ ọ́, wọ́n sì dá ẹrù tó gbé lọ bẹ̀bẹ̀ padà fún un. N kò rí ẹnikẹ́ni tó tún irọ́ yẹn ṣe. Ó dùn mọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni jagunjagun Bọ́mà dá, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ìyá ọkọ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí ìjókòó síwájú ọkùnrin náà lábẹ́ igi ọsàn, kò sì gbé ojú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá sinmi láti mutí, yóò ní, "Ṣé ó ti tán?" Tó bá fẹ́ sọ ìtàn ogun, yóò ní, "Ẹ máa fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, ẹ máa fi ẹnu sọ ọ́." Kí wọ́n tó pe ìrun Àìlá, abẹ́rẹ́ ti ń lọ sókè, ó ti ń wá sílẹ̀. Ariwo kékeré kan ṣì wà nínú rẹ̀ tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin náà ní ìyẹn kò lè lọ, pé kí n máa bá a gbé e. Mo ní kò sí wàhálà, mo ti bá ariwo tó ju ìyẹn lọ gbé.

Mo ṣí àpótí kí n gbé máṣíìnì sí i. Ìyá ọkọ mi dì í mú.

"Kó aṣọ rẹ sínú ìyẹn. Èyí, kí wọ́n rí i."

Ó ká òṣùká, ó ní kí bàbá mi bá òun gbé máṣíìnì náà rù lásán, láìbo nǹkan kan lé e. Mo ní, "Ìyá, ó wúwo jù fún yín." Ó ní òun ti ru ohun tó wúwo jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gba ojú ọjà kọjá lọ́sàn-án Sọ́ńdè, òun níwájú, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú àpótí àti ọmọ. Ẹni tó bá kí wa, ó ń dáhùn sókè ketekete pé, "Máṣíìnì ìyàwó mi ni. A lọ tún un ṣe ni."

Akọ̀wé wà nínú yàrá, ó jókòó ti tuntun rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó ti ń múra ọ̀nà Èkó. Ó fò dìde nígbà tó rí ohun tó wà lórí ìyá rẹ̀, ó bá a gbé e kúrò lórí. Ó wá dúró láàárín yàrá, irin náà wà láyà rẹ̀. Kò rí ibi tó máa gbé e sí. Tuntun ló wà níbi tí èyí máa ń wà.

"Ìyá," ó ní, "níbo ni kí n gbé e sí?"

Ìyá rẹ̀ ti jókòó, ó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀. "Èmi kọ́ ló ni ín."

Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ọwọ́ bíírò ni ọwọ́ rẹ̀, kò lágbára irin. Ó yíjú sí mi nígbà tí kò rí ọ̀nà mìíràn.

"Níbo lo fẹ́ kí n gbé e sí?"

Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó dúró díẹ̀ sí i. Mo sọ ọmọ kalẹ̀. Mo tú ọ̀já mi, mo tún un so. Mo wá fi ọwọ́ hàn án, lẹ́bàá fèrèsé, ó sì fi ẹsẹ̀ ti tuntun rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé tèmi síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà nílé yẹn, ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ bi mí ní ibi tí mo fẹ́ kí nǹkan kan wà.